Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àtẹ̀jíṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Orúkọ tí Yorùbá fún Ohun-èlò Ìbánisọ̀rọ̀, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìlú Jọ́ọ̀sì

Orúkọ tí Yorùbá bá sọ ohun àjèjì kì í sábàá jẹ́ orúkọ lásán. Nígbà tí ètò rédíò onísísẹ́ wáyà, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Rediffusion, wọ ìlú Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri fún ẹni tí ó bá lè san owó rẹ̀. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó ń ròyìn ogun, ó sì ń ka àṣẹ ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí ihò tí ènìyàn lè ti ẹnu bọ̀ láti dá a lóhùn. Àwọn ará ìlú wò ó títí, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe iṣẹ́ tí ó jọjú lórí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ní èdè Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ (1984), tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì (1990), ti la ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun-èlò ìbánisọ̀rọ̀ kò ti inú yàrá ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé jáde wá. Ojú pópó àti yàrá ìròyìn ni ó ti wá. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí fi máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìpajẹ fáwẹ̀lì nìkan, tí wọn kì í bèèrè ohun tí ẹni tí ó sọ orúkọ náà ń wí nípa ohun tí ó sọ lórúkọ. Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ojú iṣẹ́ lámèyítọ́ ni a ó fi wo orúkọ wọ̀nyí. Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ nìkan. Ẹjọ́ ni ó ń dá fún ẹ̀rọ náà, àti fún àwọn tí ó ni ín.

Ìhun àwọn ọ̀rọ̀ náà

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni wọ́n fi ṣáájú àpólà-ìṣe méjì láti ṣẹ̀dá asọ̀rọ̀mágbèsì: sọ ọ̀rọ̀, àti má gba èsì. Má inú rẹ̀ ni atọ́ka ìyísódì tí ó wà nínú ‘má lọ’ àti ‘má wá’. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé má mìíràn wà nínú amóhùnmáwòrán, tí ó jẹ́ orúkọ tẹlifíṣàn, èyí kò sì bá ìyísódì tan rárá. Mú ohùn, mú àwòrán ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Fáwẹ̀lì mú ni ó pajẹ, tí ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí à- àwòrán. Ìró kan náà ni etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń fi àbùkù kan ohun-èlò, èkejì ń yìn ín. Ẹni tí ó sọ rédíò lórúkọ ti gbé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ti rí ibi tí ó kù sí. Ẹni tí ó sọ tẹlifíṣàn lórúkọ ṣì ń yà á lẹ́nu pé ohùn àti àwòrán lè jọ dé.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn jù. Gbé ohùn sí afẹ́fẹ́: olùgbé wà, ẹrù wà, ibi tí wọ́n gbé e sí náà wà. Ẹni tí yóò gbọ́ ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí a fi èyí wé ìbánisọ̀rọ̀, tí bá àti ẹni jọ wà nínú ìhun rẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti sọ pé ènìyàn ń bá ẹni sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kejì wà níbẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá fún iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, kò sí ibi tí bá yìí ti yọjú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan tẹlifóònù, tí wọ́n pè é ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ni ó tó wọlé. Èdè náà ti pín àwọn ohun-èlò wọ̀nyí sí ọ̀nà méjì tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀.

Èsì tí wọ́n kọ̀

Ìtàn fi ìdí orúkọ náà múlẹ̀ ní ọdún 1953. Nígbà tí ìjà lórí òfin ìjọba fẹ́ tú ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ ká, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi níbẹ̀. Awólọ́wọ̀ bèèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Nígbà tí òfin ọdún 1954 wá gba àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti ní ilé-iṣẹ́ tiwọn, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí wọn kì í sábàá rántí ni pé èsì tí wọ́n kọ̀ láti gbà ni ó bí i.

Kò ju ọdún mẹ́fà lọ kí ilé èsì náà tó di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1965, lẹ́yìn ìbò tí ó dá rúgúdù sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹnì kan fi ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ó sì gba ẹnu téèpù mìíràn sọ̀rọ̀ ní àkókò tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba Akíntọ́lá jáde. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Bí ó ti wù kí ènìyàn dájọ́ ìwà náà, ohun tí ó fi hàn ni pé ẹni tí ó ń fẹ́ kí àpótí gba èsì ní àkókò yẹn ní láti mú ìbọn lọ́wọ́.

Ìdí tí ó fi jẹ́ Jọ́ọ̀sì

Bí ènìyàn bá dúró sí Ìbàdàn àti Èkó nìkan, yóò rò pé èdè Yorùbá ni a ń fi ìyà asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ ní gbogbo ìgbà. Ìlú tí Yorùbá kì í ti í ṣe onílé ni ó lè tún ojú ọ̀rọ̀ náà ṣe, Jọ́ọ̀sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kùsà àti ojú irin ni ó kó Yorùbá débẹ̀, pàápàá àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìwakùsà gan-an, tí Yorùbá ń lò fún gbígbẹ́ ohunkóhun tí ó níye lórí láti inú ilẹ̀, ní ẹ̀jẹ̀ òkè náà nínú, nítorí kuza ni Haúsá ń pe tánńganran tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Ìlú tí ó ti bá Yorùbá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rí kì í ṣe àjèjì pátápátá.

Jọ́ọ̀sì ní ipò pàtàkì nínú ìtàn tẹlifíṣàn. Níbẹ̀ ni BPTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìpínlẹ̀ Benue-Plateau, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974 lábẹ́ Gómìnà Joseph Gomwalk, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gbé àwòrán aláwọ̀ jáde. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn sábẹ́ NTA ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n yàn fún ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ NTA níṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ya Cockcrow at Dawn, eré àtìgbàdégbà tí Peter Igho darí ní àwọn ọdún 1980, tí ó ń rọ àwọn ènìyàn láti padà sí oko. Eré náà dùn, ó sì gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, ní àárín àwọn àgbẹ̀ tí Berom, Ngas tàbí Haúsá wà lẹ́nu wọn.

Ọdún 1974 yẹn kan náà ni Aper Aku, ọmọ Tiv, búra sínú ìwé ní ilé-ẹjọ́ láti fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan Gomwalk. Ìpínlẹ̀ náà ní ìwé-ìròyìn tirẹ̀ nígbà náà, ó ní rédíò, ó sì ní tẹlifíṣàn tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìwé ìbúra ni ẹni tí ó ní ẹ̀sùn lẹ́nu gbà sọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó wá le jù. Nígbà tí wọ́n ṣètò FRCN ní 1978, ẹkùn Kàdúná gba Haúsá, Kanuri, Fúlàní àti Nupe. Ìbàdàn gba Yorùbá, Ẹ̀dó, Urhobo àti Ígálà. Ẹnúgu gba Ìgbò, Izon, Efik àti Tiv. Èdè méjìlá nìyẹn. Ẹni tí ó bá wá Berom, Ngas tàbí Tarok nínú wọn kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè tí ó wà ní Plateau nìkan lé ní ogójì. Òtítọ́ ni pé rédíò ìpínlẹ̀ ń lo àwọn kan nínú èdè ìbílẹ̀, iṣẹ́ yẹn kò sì kéré. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn gbogboogbò bá dé láti Èkó tàbí Àbújá, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ni ó máa ń bá Gẹ̀ẹ́sì rìn. Òfin ìjọba ọdún 1979 àti ti 1999 sì ti dárúkọ àwọn mẹ́ta yìí fún iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá ti dánu dúró díẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fi bú àpótí òyìnbó, Berom lè fi pe èdè Yorùbá náà bí ó bá ń ti inú rédíò jáde sí i. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ kí ó má gbèsì. Èdè tí ó tóbi lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èdè tí ó kéré. Nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí ó ń sunkún pé Gẹ̀ẹ́sì ń pa Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde. Àwọn kan tún sọ pé orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti gbó, pé láti ìgbà tí fóònù ti pọ̀ ni olùgbọ́ ti ń pe olóòtú lórí afẹ́fẹ́. Àríyànjiyàn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ọwọ́ ta ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gé ìpè wà? Èdè wo ni ẹni tí ó pè yóò sọ kí olóòtú tó gbọ́ ọ? Títí wọn yóò fi dáhùn ìbéèrè méjì yìí, kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Láti orí aago dé orí fíláàsì

Kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó di orúkọ ìwé, aago ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe tẹlifóònù: ‘tẹ̀ mí láago’. Ìró tí ó ń ké síni ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wáyà náà wà, ṣùgbọ́n Yorùbá fi ìyẹn sílẹ̀ fún tẹlẹ̀gíráàmù; Haúsá ni ó gbé waya fún fóònù, débi pé ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà sí Jọ́ọ̀sì ní wáyà méjì lórí. Orúkọ pọ̀, ohun-èlò gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n. NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa di 2001, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, fún àwọn ènìyàn tí ó ti lé ní 100,000,000. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba ta ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ GSM ní 285,000,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, Econet àti MTN sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí ọdún 2010 fi máa parí, àwọn tí ó ń lo fóònù ti lé ní 80,000,000.

Owó ìpè náà ga ní ìbẹ̀rẹ̀, náírà 50 fún ìṣẹ́jú kan, ó sì jẹ́ kí àwọn tí ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn pọ̀ ní gbogbo oríta. Ó tún jẹ́ kí fíláàsì di àṣà: ènìyàn yóò pe fóònù ẹlòmíràn, yóò sì gé e kí ó tó gbé e, kí onítọ̀hún lè pè é padà. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàwàdà, agbèsìmásọ̀rọ̀ ni ìyẹn, nítorí ẹni tí kò sọ nǹkan kan ni ó ń gba èsì. Kò tíì sí ẹni tí ó fi sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Iṣẹ́ ẹrú

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni orúkọ tí ó fìdí múlẹ̀ jù fún ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìhun rẹ̀ dára: à-, tẹ̀, jẹ́ iṣẹ́. Ó kúrú, ó dùn lẹ́nu, kò sì ní àyálò kankan nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣèlérí ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe lọ. Jíjẹ́ iṣẹ́ ní òfin láàárín Yorùbá. Ẹni mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó rán ni, ẹni tí a rán, àti ẹni tí a rán sí. Bí ọmọ bá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ‘Ta ni ó rán ọ?’ Àrokò pàápàá, tí kò ní ẹnu, kì í rìn láìsí ẹni tí ó gbé e àti ẹni tí ó dì í. Ẹni tí a rán náà kì í ṣe òpó wáyà. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ojúṣe rẹ̀ ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí ó mọ èyí tí yóò rọ̀ sílẹ̀ àti èyí tí yóò gbé mì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 2010 ni ó dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún yẹn, bí ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2001 àti oṣù kọkànlá 2008, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ lóríṣiríṣi, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn tí ó pe ara wọn ní Mùsùlùmí. Àwọn kan ń sọ pé kí ènìyàn pa kí wọ́n tó pa á. Àwọn mìíràn ń kìlọ̀ pé májèlé wà nínú oúnjẹ tí àwọn ará òdìkejì ń tà. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, Civil Rights Congress, sọ pé ó kéré tán 145 irú rẹ̀ ni àwọn ti kó jọ. Ohun-èlò kan náà ni ìyá fi ń sọ fún ọmọ pé kí ó má gba títì kan kọjá, kí ó sùn sí ibi tí ó wà. Kò sí ẹni tí ó lè dá fóònù lẹ́bi nìkan.

Kí ni ó mú kí wọ́n gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kò ní orúkọ. Nọ́ńbà ni, ìforúkọsílẹ̀ káàdì síìmù káàkiri orílẹ̀-èdè kò sì tíì dé títí di 2011. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbà á. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìjọsìn kan ni ó ti dé, olúkúlùkù sì ń tì í síwájú bí ó ti rí. Ojú ẹni tí ó jẹ́ ẹ kẹ́yìn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi gba ẹni tí ó rán an gbọ́. Iṣẹ́ ẹrú ni, wọ́n sì fi tẹrú jẹ́ ẹ, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sì yẹ̀. Bọ́tìnnì kan ni wọ́n tẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ̀rọ ti ní kí wọ́n dúró ronú, bí ẹsẹ̀ rínrìn ti máa ń fún ìránṣẹ́ ayé àtijọ́ láyè. Ìforúkọsílẹ̀ ọdún 2011 kò tún ìyẹn ṣe, nítorí ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ni ó fi orúkọ olùfiránṣẹ́ hàn, kò fi hàn ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù.

Ẹni tí ó bá ti fi asọ̀rọ̀mágbèsì bú rédíò lè rò pé bí olúkúlùkù bá ti lè fèsì, ìyà ti tán. Jọ́ọ̀sì fi hàn pé èsì nìkan kò tó. Bá àti ẹni wà nínú ìbánisọ̀rọ̀; àtẹ̀jíṣẹ́ tí a tì síwájú ti sọ ẹni nù, ó sì tún fi orúkọ jíjẹ́ iṣẹ́ bo ara rẹ̀.

Ó dára kí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níbi tí ẹyọ kan wà nísinsìnyí. Àtẹ̀ránṣẹ́, láti inú rán iṣẹ́, lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ sì jẹ́ ti èyí tí ènìyàn gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó sì tì síwájú, kí ẹni tí ó tì í lè rántí pé òun ni ìránṣẹ́, àti pé wọ́n lè bi òun léèrè ẹni tí ó rán òun. Ìyàtọ̀ náà wúlò ju ti ìgbà náà lọ nísinsìnyí, tí WhatsApp ti sọ títì-síwájú di iṣẹ́ ìka kan, tí ó sì ń gbé ohùn àti àwòrán pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ní Berom, ní Haúsá, ní Yorùbá, láìsí ẹkùn FRCN kankan tí yóò pín èdè fún un.